Òdòdó Tí Í Tanná Lábẹ́ Igi Ọsàn

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Fìdítì, láti ọ̀dọ̀ ìyá ilé kan tí ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Ó ní igi ọsàn mẹ́rin ni ó yí iwájú ilé àwọn ká, pé baba ọkọ òun ni ó gbìn wọ́n, àti pé láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé náà, kò sí òdòdó kan tí òun gbìn síbẹ̀ tí ó yè. Àwọn kan a ga tín-ín-rín bí ẹni ń wá ọ̀nà àbáyọ, àwọn mìíràn a pọ́n lewé, wọn a sì kú. Ìdána ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò wáyé nínú ilé náà ní oṣù Kejìlá, ó sì fẹ́ kí iwájú ilé fani mọ́ra kí àwọn àna tó dé. Ọkọ rẹ̀ ti dábàá pé kí wọ́n gé méjì nínú igi ọsàn náà kí oòrùn lè ráyè wọlé. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gé igi ọsàn. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kọjá ní àkókò tí ọsàn pọ̀ yóò ti rí i bí àwọn obìnrin Fìdítì ti í to ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ títì ní òkìtì òkìtì, tí àwọn oníbàárà a sì máa dúró ná an. Owó ilé-ìwé ọmọ mélòó ni kò ti inú apẹ̀rẹ̀ ọsàn jáde ní ìlú náà àti ní àwọn ìlú Afijió yòókù, bí Ìlorà, Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti Akínmọ̀ọ́rìn? Igi ọsàn tí a gbìn láti inú kóró lè lo ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so èso àkọ́kọ́. Òdòdó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò gbà ju oṣù méjì lọ, bí a bá gbìn ín láti ara ẹ̀ka, kí ó tó tanná. Ẹ fi méjèèjì wéra, kí ẹ sì sọ fún mi èwo ni ó yẹ kí ó yẹra fún èkejì.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pe òdòdó náà ni Impatiens, ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tí ó túmọ̀ sí aláìnísùúrù. Nínú abala yìí, òdòdó oníkánjú ni n ó máa pè é. Ìdí tí a fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ni pé bí èso rẹ̀ bá gbó tán, kí ọwọ́ ṣáà ti kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ ni, èèpo rẹ̀ yóò bẹ́ páù, yóò ká kò bí ìrù ọ̀gà, yóò sì ta kóró inú rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn eré yìí púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, kò ní pa wọ́n lára. Igi rẹ̀ rọ̀, ó sì kún fún omi bí igi gbúre. Ewé rẹ̀ tutù lójú, eyín wẹ́wẹ́ sì wà létí rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìrù tín-ín-rín kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí omi dídùn wà nínú rẹ̀, èyí tí í fa labalábá wá. Ẹ ó rí funfun, ẹ ó rí pupa, ẹ ó rí pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, ẹ ó rí elésèé-àlùkò. Kì í sábà ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ, bí ara bá sì tù ú, kò mọ ìgbà kan tí a ń dẹ́kun títanná.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òdòdó òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ náà a sì máa bí mi nínú díẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ìdílé wọn, tí ń jẹ́ Impatiens walleriana. Láti Kẹ́ńyà títí dé Mòsáńbíìkì ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó tútù àti ní etí odò. Orúkọ Horace Waller, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní apá ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, ni wọ́n fi sọ ọ́. John Kirk, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Zanzibar, ni ó fi í ránṣẹ́ sí ọgbà Kew ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó sì di ọdún 1882, wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ jáde níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn tí wọ́n fi yẹ́ Sultan Zanzibar sí. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé e sí ojú fèrèsé, tí wọ́n sì ń pè é ní Busy Lizzie. Ní àwọn ọdún 1960, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Claude Hope, tí ó fi ilẹ̀ Costa Rica ṣe ibùjókòó, bẹ̀rẹ̀ sí í mú oríṣiríṣi rẹ̀ gùn ara wọn títí ó fi rí èyí tí kò ga, tí ó ń fẹ̀ sílẹ̀, tí òdòdó sì ń bò mọ́lẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó bí ọ̀pọ̀ irúgbìn tí a ń rí rà nínú páálí lónìí. Ọmọ Áfíríkà ni ó lọ sí òkè òkun, tí ó pààrọ̀ aṣọ, tí ó padà wálé, tí àwọn ará ilé kò sì dá a mọ̀ mọ́.

Àwa náà ní ìbátan rẹ̀ nítòsí. Èyí tí ń jẹ́ Impatiens irvingii ń hù ní etí odò àti ní ibi àbàtà ní Nàìjíríà níhìn-ín àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ pọn omi lódò ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹ̀yà mìíràn tún wà, balsamina, tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ wá. Òun ga ganngan sókè, ó sì fara da oòrùn ju ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lọ. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Korea a máa gún òdòdó balsamina yìí, wọn a sì fi kun èékánná gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń lé làálì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí iwájú ilé.

Ìbòòji kì í ṣe òkùnkùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé òdòdó yìí kò fẹ́ oòrùn, wọ́n sì gbé e sí kọ̀rọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ẹ dán an wò báyìí: ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, ẹ na ọwọ́ yín sókè ibi tí ẹ fẹ́ gbìn ín sí. Bí òjìji ọwọ́ yín bá hàn kedere lórí ilẹ̀, tí etí rẹ̀ mú, oòrùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí òjìji náà bá hàn fírífírí, ibẹ̀ dára. Bí kò bá sí òjìji rárá, ibẹ̀ ti ṣókùnkùn jù. Òdòdó náà lè yè, ṣùgbọ́n ewé nìkan ni ẹ ó máa rí lára rẹ̀. Abẹ́ igi ọsàn sábà máa ń dára, nítorí pé oòrùn a máa yọ́ gba àárín ewé rẹ̀ wọlé. Abẹ́ máńgòrò àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ dí tó bẹ́ẹ̀ tí òjò kékeré kì í fi dé ilẹ̀. Ní tèmi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn ni ààyò, níbi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń dé fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tí ó sì ti kúrò níbẹ̀ kí ooru ọ̀sán tó mú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kò dára, pàápàá bí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì, nítorí pé sìmẹ́ǹtì a gba ooru mu, a sì máa tú u jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ooru bá ti ga ju ìwọ̀n 32°C lọ, òdòdó oníkánjú a sorí kọ́. Gbogbo wa ni a sì mọ bí oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ti rí ní agbègbè Ọ̀yọ́.

Ẹ fi ara balẹ̀ ka èyí tí ó kàn. Òdòdó oníkánjú fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ tutù nígbà gbogbo. Igi ọsàn kò fẹ́ kí ìdí rẹ̀ tutù nígbà gbogbo. Àrùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phytophthora. Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, omi ni ó sì ń bá rìn. Bí a bá kó erùpẹ̀ jọ mọ́ ìdí igi ọsàn, tí a sì ń bomi rin ín lójoojúmọ́, àrùn náà yóò rí ọ̀nà wọ inú èèpo rẹ̀. Èèpo ibẹ̀ yóò dúdú, yóò máa là, oje tí ó lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù yóò sì máa ṣàn lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ewé orí igi yóò máa pọ́n, tí ẹ̀ka yóò máa gbẹ láti ṣóńṣó wá sí ìsàlẹ̀. Bí jíjẹrà náà bá yí ìdí igi po, igi náà ti kú nìyẹn, bí ó tilẹ̀ ṣì ní èso lórí. Mo ti rí i nínú àwọn agboolé kan tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí ìdí igi ọsàn ká, tí wọ́n da ilẹ̀ dúdú kún un, tí wọ́n sì gbin òdòdó sórí rẹ̀. A máa rẹwà fún bí ọdún méjì.

Nítorí náà, ẹ fi ó kéré tán mítà kan sílẹ̀ láìgbin ohunkóhun sí yíká ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí ibẹ̀ máa gbẹ, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ sí i. Ẹ má ṣe fi ọkọ́ wa ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé gbòǹgbò tí igi ọsàn fi ń jẹun kò jìn sílẹ̀. Bí ọkọ́ bá gé e, ojú ọgbẹ́ náà ni àrùn yóò gbà wọlé. Ohun tí èyí já sí ni pé inú ìkòkò ni kí ẹ gbin òdòdó yín sí, kí ẹ sì to ìkòkò náà sí ibi tí ìbòòji igi dé, kí ó má ṣe jẹ́ sí ìdí rẹ̀. Ìkòkò ṣeé gbé kiri. Bí oòrùn bá yí, ẹ gbé e. Bí àlejò bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ kò nílò láti ra ìkòkò olówó ńlá. Korobá ọ̀dà tí ó ti ṣófo, agolo ńlá, abọ́ tí ó ti jò, gbogbo wọn ni ó wúlò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìkòkò amọ̀ tí ó ti sán, tí kò lè gba omi mu mọ́, nítorí pé amọ̀ a máa mí, kì í sì í jẹ́ kí gbòǹgbò gbóná. Ṣùgbọ́n ó ń tètè gbẹ ju ike lọ, ẹ ní láti mọ èyí. Ike dúdú a máa gbóná kọjá àlà bí oòrùn bá kàn án. Ẹ má ṣe lo ike tí ó ti gba oògùn apakòkòrò rí, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà yóò gba igi kan; èyí tí ó fẹ̀ tó 30 yóò gba mẹ́ta, wọn yóò sì di ara wọn bí agbòjò láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ fi irin gbígbóná lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí ike, ẹ fi àpáàdì bo ojú ihò náà kí erùpẹ̀ má baà dí i, kí ẹ tó da ilẹ̀ sí i. Ilẹ̀ dúdú abọ́ méjì, ewé jíjẹrà abọ́ kan àti iyanrìn odò abọ́ kan ni kí ẹ pò pọ̀. Bí ìgbẹ́ adìẹ bá wà nítòsí, ẹ lè fi díẹ̀ kún un, àmọ́ kí ó ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ tán. Èyí tí ó tutù yóò jó gbòǹgbò rẹ̀ bí iná.

Ẹ gbé ìkòkò ka orí òkúta méjì tàbí mẹ́ta kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Àwọn kan fẹ́ràn láti fi abọ́ pẹrẹsẹ sí abẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà dọ̀tí. Inú irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn tí ń tan ibà apọ́njú kálẹ̀ fẹ́ràn láti yé sí, ẹyin rẹ̀ sì lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Bí ẹ kò bá lè dà á nù ní gbogbo ọjọ́ kẹta, ẹ má ṣe fi abọ́ sí i rárá. Kò sí òdòdó tí ó rẹwà tó láti fi àìsàn ọmọ rà.

Ní ti bí ẹ ó ṣe rí i gbìn, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ẹ tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in. Ẹ wá ẹ̀ka tí kò tíì tanná, ẹ gé e ní gígùn ìka ọwọ́ kan, kí ojú gígé náà wà ní ìsàlẹ̀ oríkèé, nítorí pé ibi oríkèé ni gbòǹgbò ti ń yọ. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí méjì tàbí mẹ́ta kù lókè. Ẹ kì í bọ inú ife omi mímọ́ kan, ẹ gbé e sí ibi tí ó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò dé, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì méjì. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí gbòǹgbò funfun. Kí ó tó gùn jù ni kí ẹ ti gbé e lọ sínú ilẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò tí ó ti mọ́ omi lára kì í tètè gba ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè kì í bọ iyanrìn tútù láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi gan-an fẹ́ràn iyanrìn jù, ṣùgbọ́n inú omi ni àwọn ọmọ ti lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí igi náà bá ga tó ìka mẹ́rin lókè ilẹ̀, ẹ já ṣóńṣó orí rẹ̀ kí ó lè yọ ẹ̀ka. Ó máa ń ṣòro fún ènìyàn láti já a. Ẹ já a.

Ìyá tí ó ní ìdána ní oṣù Kejìlá, ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá ni kí ó gé ẹ̀ka rẹ̀. Òjò yóò ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà láti bá a tọ́ ọ, yóò sì ti máa tanná kí oṣù Kọkànlá tó parí.

Kóró rẹ̀ pẹ̀lú ṣeé gbìn, àmọ́ ó gba sùúrù. Ó kéré púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì fi ń hù, nítorí náà orí ilẹ̀ ni kí ẹ wọ́n ọn sí láìfi erùpẹ̀ bò ó. Ẹ fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bo ẹnu ìkòkò náà títí yóò fi hù, ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ irúgbìn inú páálí ni ẹ rà, kóró tí ẹ bá gbà láti ara rẹ̀ lè bí ọmọ tí kò jọ ìyá. Ẹ̀ka gígé nìkan ni kì í yí padà.

Wàyí o, ta ni yóò máa pọn omi rẹ̀? Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ti wà lọ́kàn yín láti òkè. Ní ìlú tí kànga ti ń lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí ọmọbìnrin ilé ni korobá máa ń wà kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, n kò sì ní gba ìyá kankan níyànjú pé kí ó fi òdòdó dá kún ẹrù ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ìkòkò tí ó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà lè mu tó ìdajì lítà omi lójúmọ́. Ìkòkò mẹ́wàá yóò mu lítà márùn-ún. Ẹ ka omi yín kí ẹ tó ka ìkòkò. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà, omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó dára fún un, bí kò bá ṣáà ti ní iyọ̀ tàbí ọṣẹ nínú. Ilé tí ènìyàn mẹ́fà ti ń jẹun kì í ṣe aláìní lítà mẹ́ta irú omi bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta náà ni, ẹ gbin ìkòkò mẹ́fà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tán síbẹ̀. Bí ẹ bá fi èèpo ẹ̀pà tàbí ewé gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ inú ìkòkò, omi kò ní tètè gbẹ.

Ìdí ni kí ẹ bomi sí, ní òwúrọ̀, kí ẹ má ṣe da á lé ewé lórí ní ìrọ̀lẹ́. Bí òdòdó náà bá sorí kọ́ ní kùtùkùtù, òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́. Ẹ fún un ní omi, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé orí sókè. Bí ó bá sorí kọ́ ní ọ̀sán gangan, ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ ná. Bí ilẹ̀ bá tutù, ooru ni ó mú un, kì í ṣe òùngbẹ. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí ó tutù, kí ẹ má ṣe fi omi rì í. Omi àpọ̀jù ti pa òdòdó oníkánjú ju ọ̀dá lọ ní ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Àwọn ọkọ kan yóò bi yín pé ṣé a ń jẹ òdòdó ni. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi í ṣe ìjà. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ fẹ́ oòrùn gbangba. Ẹ̀yìnkùlé níbi tí oòrùn ti ń ràn ni ipò wọn, kò sì sí ìyá tí yóò fi òdòdó gba ààyè wọn. Abẹ́ igi ọsàn kò lè fún yín ní ewédú bí ó ti wù kí ẹ ṣe tó. Ohun tí òdòdó oníkánjú gbà kò jẹ́ ti ẹnì kankan. Bí ọkọ yín bá tún tẹnu mọ́ ọn, ẹ gbin gbúre sí ìkòkò méjì láàárín wọn, òun náà fara da ìbòòji, kí ẹ sì fi sè é ní ọbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá tún béèrè.

Oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó NPK 15-15-15 ṣíbí kékeré kan nínú gálọ́ọ̀nù omi kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ti tó o. Bí ẹ bá fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé rẹ̀ yóò máa dán, òdòdó kò sì ní pọ̀.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń kọ́? Ewúrẹ́ ni àkọ́kọ́, ewúrẹ́ kò sì mọ̀ pé àna ń bọ̀. Ẹ gbé ìkòkò ga, tàbí kí ẹ dé ọgbà. Ìgbín a máa wá ní òru nígbà òjò. Nígbà ọyẹ́, kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí a máa ta òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ ewé, ewé náà a sì di kàǹtókàǹtó; ẹ fi omi tí ọṣẹ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ nu abẹ́ ewé, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún.

Àrùn kan wà tí ó burú ju gbogbo èyí lọ. Ní ọdún 2003 ni ó jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 2011 sí 2012 sì ni ó tàn káàkiri Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta òdòdó níbẹ̀ fi kọ òdòdó yìí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ewé yóò kọ́kọ́ pọ́n, etí rẹ̀ yóò ká sí ìsàlẹ̀, ẹ ó sì rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lábẹ́ rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ewé àti òdòdó yóò fi re tán, tí igi nìkan yóò dúró. Bí ẹ bá rí àmì yìí, ẹ fa igi náà tu, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe jù ú sí ààtàn tí ẹ ti ń kó ajílẹ̀, ẹ má sì ṣe tún gbin òmíràn sínú ilẹ̀ kan náà. Láti nǹkan bí ọdún 2020 ni irúgbìn tí ó ń kojú àrùn náà ti wà lórí àtẹ ní òkè òkun. Ẹ̀yà New Guinea tún wà, èyí tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà lọ kó jọ ní erékùṣù náà ní ọdún 1970: òdòdó rẹ̀ tóbi, ewé rẹ̀ gùn, ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, àrùn yìí kì í sì í sábà mú un.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ kan há a. Nígbà tí ẹ bá ń wá ohun tí yóò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn yóò fi oríṣiríṣi lọ̀ yín. Igi ńlá ewé tótòtó tí ń jẹ́ Dieffenbachia, tí ó pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, a máa wú ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun bí ọmọdé bá jẹ ewé rẹ̀. Oleander, tí òdòdó rẹ̀ pupa tàbí funfun, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọkàn ni ó ń bá jà. Ilé tí ọmọ tí ń rá wà kò yẹ kí ó ní èyíkéyìí nínú méjèèjì ní ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé.

Ẹni tí ó bá ti mọ ọwọ́ rẹ̀ lè fi òdòdó oníkánjú wá owó díẹ̀. Ìyá igi kan lè fún yín ní ẹ̀ka mẹ́wàá láàárín oṣù kan láìpa á lára, àwọn tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ ilé fún ìgbéyàwó a sì máa wá òdòdó inú ìkòkò tí ó ti ń tanná, ju èyí tí a já lọ, nítorí pé kì í rọ kí ayẹyẹ tó parí. Ẹ fi mẹ́fà bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ọgọ́ta. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ ọ̀gbìn lọ jìnnà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn. Láti Fìdítì, kò ju ìrìn àárọ̀ lọ nínú mọ́tò.

Kí ọyẹ́ tó dé ní tòótọ́, ẹ gé ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ara èyí tí ó dára jù, kí ẹ sì kì í bọ omi nínú ilé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá jẹ́ kí èyí tí ó wà níta sá, ẹ gé e kúrú kí ó ku ìka mẹ́ta sókè ilẹ̀, ẹ gbé e sẹ́yìn ilé níbi tí ó tutù, ẹ máa bomi díẹ̀díẹ̀ sí i. Òjò àkọ́rọ̀ yóò bá a láàyè.